Orúkọ ń Ro Àrùn: Ta Ni Wọ́n Ti Dá Lẹ́bi fún Èélá Ara Ọmọ Ọwọ́?

Àwọn àgbà wa ní orúkọ ń ro ọmọ. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fẹ́ kí á jọ wò ó bóyá orúkọ ń ro àrùn náà.

Kí n tètè sọ ọ́: iṣẹ́ èdè ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi ṣe kí n tó fẹ̀yìntì. Ẹ má ṣe tìtorí pé wọ́n ń pè mí ní dókítà kí ẹ gbé ọmọ tí ara ń yún wá sílé mi o. Dókítà ọ̀rọ̀ ni mí, n kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ ìyá tí ara ọmọ wọn ń yún, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ń ṣe gátagàta, tí ìkókó kò jẹ́ kí ilé sùn. Wọn kì í béèrè pé, "Kí ló ń fa èyí?" Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé, "Kí ni mo ṣe?" Ẹ wo bí gbólóhùn méjèèjì ti yàtọ̀ síra. Àkọ́kọ́ ń wá ìdí; èkejì ti gba ẹ̀bi kí ẹnikẹ́ni tó dá ẹjọ́.

Mo wá lọ ka ìtàn bí àwọn oníṣègùn ṣe dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn láti nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Ohun tí mo rí ni pé ìgbàkúgbà tí wọ́n bá pààrọ̀ ìdáhùn ni wọ́n ń pààrọ̀ orúkọ, àti pé orúkọ kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tó ń dá lẹ́bi. Ẹ máa bá mi ká lọ.

Àwọn orúkọ tiwa

Nínú Yorùbá, a ní èélá, a ní ìfo, a ní ègbèsì, a ní kúrùnà, a ní làpálàpá. Kì í ṣe ohun kan náà ni gbogbo wọn. Làpálàpá máa ń rí roboto, ó sì ń ranni. Kúrùnà máa ń gba inú ilé kan kọjá, bí ó bá mú ọmọ, ó lè mú ẹ̀gbọ́n àti ìyá. Èélá àti ìfo ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lò fún irú èyí tí mò ń sọ: awọ tó gbẹ, tó le, tó ń yún, tó ń lọ tó tún ń padà bọ̀, tó sì máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún kan. Ilé kan sì lè pe èélá ohun tí ilé kejì ń pè ní ìfo.

Ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn orúkọ wọ̀nyí kò sọ ìdí àrùn fún wa. Bí ara ṣe rí ni wọ́n ń pè. Ìdí wà lẹ́nu àwọn ènìyàn: "ooru ló mú un," "eyín ló fẹ́ hù," "ìyá rẹ̀ ló ń jẹ ìjẹkújẹ nígbà tó wà nínú oyún." Orúkọ tí àwọn oníṣègùn ń lò, ẹ́kísímà, tí àwọn Òyìnbó ń kọ ní *eczema*, yàtọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti gbé ìdí sínú.

Ohun tó hó jáde

Èdè Gíríìkì ni wọ́n ti mú un. *Ek* ni "jáde". *Zein* ni "hó", bí omi ṣe ń hó lórí iná. Ẹ́kísímà ni ohun tó hó jáde. Aetius ará Amida, oníṣègùn tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kẹfà, ni wọ́n máa ń dárúkọ pé ó ti lo ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé rẹ̀. Èrò ayé ìgbà náà ni pé omi mẹ́rin ló wà nínú ara ènìyàn, pé bí wọ́n bá ti gbóná jù tàbí tí wọ́n bàjẹ́, wọn yóò wá ọ̀nà jáde gba awọ. Ṣé ẹ rí i pé kò jìnnà sí "ooru ló mú un" tiwa? Ìyá arúgbó ní Ọ̀yọ́ àti oníṣègùn Gíríìkì ìgbà àtijọ́ lè jókòó sórí ẹní kan náà kí wọ́n sì gbọ́ra wọn yé.

Ṣùgbọ́n èrò náà ní àbájáde tó burú. Bí ó bá jẹ́ pé ìdọ̀tí inú ara ló ń jáde, a jẹ́ pé ẹni tó bá wo èélá ọmọ sàn ti dínà fún ìdọ̀tí náà nìyẹn. Yóò padà sínú, yóò sì gba ibòmíràn yọ, bóyá ẹ̀dọ̀fóró, bóyá ọpọlọ. Fún ìgbà pípẹ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù ni àwọn oníṣègùn kan fi ń sọ fún àwọn ìyá pé kí wọ́n má ṣe fọwọ́ kàn án. Ọmọ ń họ ara, ẹ̀jẹ̀ ń jáde, wọ́n ní kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Orúkọ mìíràn tí wọ́n fún ti ọmọ ọwọ́ ni *crusta lactea* ní èdè Látìn. Àwọn Faransé pè é ní *croûte de lait*, àwọn ará Jámánì ní *Milchschorf*. Èèpá wàrà ni gbogbo rẹ̀. Ó jọ wàrà tó jóná mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò ni. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ṣe: bí o bá ti pe nǹkan ní ti wàrà, ó kù díẹ̀ kí wọ́n béèrè pé wàrà ta ni. Wàrà ìyá ni. Bí omi ọyàn bá ti di afurasí, ìyá ti dé ilé ẹjọ́ nìyẹn.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, Robert Willan bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn àrùn awọ sí ìsọ̀rí bí ìrísí wọn, bí ẹni ń to ewéko. Ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1808. Nígbà tó kú ní 1812, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Thomas Bateman, ń bá iṣẹ́ náà lọ, ó sì tẹ tirẹ̀ jáde ní 1813. Àwọn ni wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà, ẹ́kísímà, di orúkọ àrùn kan pàtó. Ẹ gbọ́ ohun tó dùn mọ́ mi nínú: wọn kò fi ti ojú ọmọ ọwọ́ sábẹ́ ẹ́kísímà rárá. *Porrigo larvalis* ni wọ́n pè é. *Larva* ní Látìn túmọ̀ sí ẹ̀mí òkú, ó sì tún túmọ̀ sí ìbòjú. Àbí kí ni Yorùbá ń pè ní ohun tó jẹ́ òkú tó tún jẹ́ aṣọ ìbòjú? Egúngún ni! Èèpá tó bo ojú ọmọ bí agọ̀ egúngún ni wọ́n ń wò tí wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Láti inú sí ìta, láti ìta sí inú

Ẹni tó kọ́kọ́ dojú èrò omi mẹ́rin dé pátápátá ní ti awọ ni Ferdinand von Hebra ní Vienna. Ní 1844 ó kọ̀wé pé kòkòrò tín-ín-tín ló ń fa èyí tó jọ kúrùnà wa, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ búburú. Ó tún fi òróró croton, òróró kan tó ń jó ara, pa awọ tó dá ṣáṣá, ó sì rí i pé ẹ́kísímà yọ níbẹ̀. Bí òróró láti ìta bá lè ṣe é, kí la tún ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ sí? Ó ní kí wọ́n wo awọ fúnra rẹ̀ sàn, kí wọ́n yé bẹ̀rù pé àrùn yóò padà sínú. Oore ńlá ló ṣe fún àwọn ọmọdé.

Síbẹ̀, ìbéèrè kan ṣẹ́kù. Bí ó bá jẹ́ ohun ìta nìkan ni, kí ló dé tí ọmọ Táyé fi ní i tí ọmọ Kẹ́hìndé kò ní i, inú ilé kan náà, ọṣẹ kan náà? Ní Párísì, ní 1892, Ernest Besnier ṣàkíyèsí pé àrùn yíyún yìí máa ń rìn nínú ẹbí, pé ó sì máa ń bá ikọ́ fée àti imú dídí tó ń wá lásìkò-lásìkò kẹ́gbẹ́. Ọ̀rọ̀ tún ti padà sínú.

Ní 1906, Clemens von Pirquet, oníṣègùn ọmọdé ní Vienna, dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀: àlẹ́jì. *Allos*, "òmíràn", *ergon*, "iṣẹ́". Ara tó ń ṣiṣẹ́ lọ́nà mìíràn. Ní 1921, Carl Prausnitz àti Heinz Küstner ṣe ìdánwò kan tí kò sí ẹni tí yóò gbà kí wọ́n ṣe é lónìí. Küstner kì í lè jẹ ẹja. Prausnitz ń jẹ ẹ́ láìsí wàhálà. Wọ́n mú omi ẹ̀jẹ̀ Küstner, wọ́n gún un sí awọ Prausnitz. Ní ọjọ́ kejì wọ́n fi oje ẹja gún ojú ibẹ̀, ibẹ̀ sì wú fùkẹ̀. A jẹ́ pé ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé ìkórìíra ẹja kiri.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Arthur Coca àti Robert Cooke ní Amẹ́ríkà ń wá orúkọ fún irú ìdílé tí gbogbo nǹkan wọ̀nyí ti ń jáde. Wọ́n tọ onímọ̀ èdè lọ! Edward Perry, ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Gíríìkì ní Yunifásítì Columbia, ló fún wọn ní *atopy*, láti inú *atopia*. *A-* ni "àìsí". *Topos* ni "ibì kan, àyè". Ohun tí kò ní àyè, ohun àjèjì, ohun tó ṣàjèjì sí ojú. Ní 1933, Fred Wise àti Marion Sulzberger so ó mọ́ awọ, wọ́n pè é ní *atopic dermatitis*. Títí di òní, ohun tí wọ́n ń kọ sínú fáìlì ọmọ yín ní ọsibítù nìyẹn. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá pọ́nbélé, ohun tó ń wí kò ju pé, "Awọ ń wú, ó sì ṣe wá ní kàyéfì." Nínú gbogbo orúkọ tí mo yẹ̀ wò, òun ni mo fẹ́ràn jù. Ó jẹ́wọ́.

Ìyá tún dé ilé ẹjọ́

Nígbà tí àlẹ́jì gbòde, oúnjẹ di ọ̀daràn. Wọ́n ń gba ẹyin, wàrà, ẹja lọ́wọ́ ọmọ, wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ìyá tó ń fún un lọ́yàn. Àwọn mìíràn tún gba ọ̀nà ọkàn lọ. Ní 1951, René Spitz, onímọ̀ nípa ọkàn àwọn ọmọ ọwọ́, kọ̀wé pé ẹ́kísímà ìkókó tan mọ́ ìyá tó kórìíra ọmọ rẹ̀ lábẹ́nú, tó wá ń fi ìpayà bo ìkórìíra náà mọ́lẹ̀. Ẹ rò ó wò: obìnrin tí kò sùn fún oṣù mẹ́ta nítorí pé ọmọ ń họ ara, ẹ wá sọ fún un pé ìkórìíra ló wà nínú rẹ̀! Ta ni kò ní ní ìpayà? Yorùbá ti sọ ọ́ tipẹ́: ọmọ tó dára, ti bàbá ni, èyí tí kò dára, ti ìyá ni. Mo rò pé àwa nìkan la ń sọ bẹ́ẹ̀. Kò mọ sọ́dọ̀ wa rárá.

Oògùn ṣáájú òye dé. Ní 1952, Sulzberger yìí kan náà pẹ̀lú Victor Witten fi hàn pé ìpara tó ní hydrocortisone ń mú un rọlẹ̀. Láàrin 1966 sí 1968 ni wọ́n wá mọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ Küstner: tọkọtaya Ishizaka ní Amẹ́ríkà àti Johansson pẹ̀lú Bennich ní Sweden ló rí i, wọ́n sì sọ ọ́ ní IgE. Gbogbo ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò parí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ní ẹ́kísímà tí IgE wọn kò ga, tí gbígba ẹyin lọ́wọ́ wọn kò sì yí nǹkan kan padà.

Ògiri tó lanu

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Ní 2006, Irwin McLean ní Dundee àti Alan Irvine ní Dublin pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn pé àṣìkọ kan nínú jíìnì tó ń ṣe purotéènì filaggrin ń mú kí èwu ẹ́kísímà pọ̀ gidigidi. Filaggrin ló ń bá wa di àwọn okùn inú awọ pọ̀; òun náà, tó bá túká, ló ń bá wa mú omi dúró sínú awọ. Ẹ rò ó bí sìmẹ́ǹtì àárín bíríkì. Bí kò bá tó, omi ń jáde, ọṣẹ àti ekuru àti kòkòrò ń wọlé. Nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ìran wọn wá láti Yúróòpù ló ní ọ̀kan nínú àwọn àṣìkọ méjì tí wọ́n kọ́kọ́ rí.

Èyí yí ìbéèrè padà. Tẹ́lẹ̀ wọ́n ń sọ pé àlẹ́jì oúnjẹ ló ń fa ẹ́kísímà. Gideon Lack ní Lọ́ńdọ̀nù wá béèrè pé bóyá òdìkejì ni. Ní 2003, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé àlẹ́jì ẹ̀pà tan mọ́ fífi ìpara tó ní òróró ẹ̀pà pa awọ ọmọ tó ti bẹ́. Ara tó bá kọ́kọ́ bá ẹ̀pà pàdé lójú egbò kà á sí olè. Ara tó bá kọ́kọ́ bá a pàdé lẹ́nu kà á sí àlejò. Ní 2015 wọ́n tẹ àbájáde ìdánwò kan tí wọ́n fi ọmọ 640 ṣe jáde, àwọn tí ẹ́kísímà wọn le tàbí tí wọ́n ní àlẹ́jì ẹyin. Láàrin àwọn tí àyẹ̀wò awọ wọn kò tíì fi àlẹ́jì ẹ̀pà hàn, ìdá 13.7 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò jẹ ẹ̀pà ló ní àlẹ́jì rẹ̀ nígbà tí wọ́n fi pé ọdún márùn-ún, ìdá 1.9 péré ni nínú àwọn tó ń jẹ ẹ́. Ẹ ò rí nǹkan! Ìyá tó ń fi ẹ̀pà pamọ́ fún ọmọ rẹ̀, tí dókítà ní kó fi pamọ́, kò gba ọmọ náà lọ́wọ́ ohunkóhun.

Àwọn mìíràn ń wo àyíká. Ní 1989, David Strachan wo ìtàn ìlera àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì 17,414 tí wọ́n bí ní oṣù kẹta 1958. Bí ẹ̀gbọ́n tí ọmọ ní bá ṣe pọ̀ tó ni ẹ́kísímà ọdún àkọ́kọ́ àti imú dídí ṣe ń dín kù. Ó rò pé àrùn kéékèèké tí àwọn ẹ̀gbọ́n ń kó wálé ló ń kọ́ àwọn ọmọ ogun ara ní ẹ̀kọ́.

Àwa ńkọ́?

Nígbà náà, ó yẹ kí ọmọ tiwa, tí ilé kún fún ẹ̀gbọ́n, bọ́, àbí? Nínú ìwádìí àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ISAAC, tí orílẹ̀-èdè 56 wà nínú rẹ̀, tí wọ́n sì tẹ ti ẹ́kísímà jáde ní 1999, iye àwọn ọmọ ọdún 13 sí 14 tó ní àmì rẹ̀ kò tó ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún ní Albania. Ibi tó ti ga jù? Nàìjíríà, ó lé ní ìdá 17. Ìbàdàn ni A. G. Falade àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bi àwọn ọmọ iléèwé girama ní ìbéèrè. Gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ èdè, mo máa ń rántí pé ìbéèrè ẹnu ni: ara sísú tó ń yún, tó ń lọ tó ń bọ̀ fún oṣù mẹ́fà. Kúrùnà náà lè dáhùn sí i. Ṣùgbọ́n bí a tilẹ̀ yọ díẹ̀ kúrò, àrùn Òyìnbó kọ́ ni.

Àwọn àṣìkọ filaggrin tó wọ́pọ̀ ní Yúróòpù sì ṣọ̀wọ́n láàrin àwọn adúláwọ̀. Ògiri tiwa lanu, ṣùgbọ́n ibòmíràn ló gbà lanu.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ tún wà níbẹ̀. Ìwé àwọn oníṣègùn ní ẹ́kísímà máa ń "pọ́n". Lára ọmọ dúdú, kì í sábà pọ́n lójú. Ó máa ń ṣú ju ara yòókù lọ, tàbí kó dà bí eérú, tàbí kó ṣe kókó-kókó bí awọ adìyẹ tí wọ́n tu ìyẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń wá pupa kò ní rí i, yóò sì ní kò le. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ìwé lè pa ọmọ mọ́ lójú ẹni tó yẹ kó wò ó.

Ohun tí a mọ̀ báyìí

Ìgbẹ́kẹ̀lé wà nígbà kan pé bí a bá ń fi ìpara ra ara ọmọ láti ọjọ́ tí a bí i, kò ní ní in rárá. Ní 2020, wọ́n tẹ ìdánwò BEEP jáde: ọmọ 1,394 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹ́kísímà tàbí àlẹ́jì wà nínú ẹbí wọn. Ní ọdún kejì, ìdá 23 ló ní in nínú àwọn tí wọ́n ń pa ní ìpara lójoojúmọ́. Ìdá 25 nínú àwọn yòókù. Kò sí ìyàtọ̀ tó ṣe é dì mú. Mo ka èyí sí ìròyìn ayọ̀ fún ìyá kan: ìpara tí o kò pa ní ọjọ́ kìíní kọ́ ló fà á.

Bí ó ti rí nìyí: àjogúnbá wà nínú rẹ̀, awọ tí kò lè di omi mú wà nínú rẹ̀, àwọn ọmọ ogun ara tó ń jà ju bó ṣe yẹ wà nínú rẹ̀, àyíká àti kòkòrò orí awọ náà sì wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹyọ kan tó dá a ṣe. Kì í ranni. Kì í ṣe ìdọ̀tí. Kì í ṣe omi ọyàn, kì í ṣe èrò ọkàn ìyá.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá àgbà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín. Ẹ má ṣe fi kàn-ìn-kàn-ìn àti ọṣẹ tó ń ta ha awọ tó ti ń pariwo. Ìpara tí kò ní òórùn, tí a pa nígbà tí omi ìwẹ̀ kò tíì gbẹ tán, ń tu ọmọ tó ti ní in lára. Ẹ má ṣe gba oúnjẹ lọ́wọ́ ọmọ láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀. Ìpara sìtẹ́rọ́ìdì tí dókítà bá kọ, ẹ lò ó bó ṣe wí. Ṣùgbọ́n àwọn àpòpọ̀ ọjà tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó wà nínú wọn, àti ìpara tí àgbàlagbà fi ń bó ara, ẹ má jẹ́ kó kan ọmọ ọwọ́. Awọ ìkókó fẹ́lẹ́. Ohun tí a fi pa á ń wọnú ẹ̀jẹ̀. Bí omi tàbí ọyún bá ń jáde, tí ibà sì dé, ọsibítù ni kí ẹ gbà lọ, kíákíá.

Iṣẹ́ tèmi ló kù, ìyẹn ti orúkọ. Orúkọ wo ni kí á máa kọ sínú ìwé ìlera wa ní Yorùbá? Kì í ṣe "ooru", kì í ṣe "wàrà". Àbá mi ni *èélá awọ gbígbẹ*: ó sọ ohun tí ojú rí, ó sọ ibi tí ìtọ́jú ti ń bẹ̀rẹ̀, kò sì na ìka sí ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá ní èyí tó dára jù, tàbí tí ẹ bá mọ ohun tí wọ́n ń pè é ní Èkìtì, ní Ìjẹ̀bú, ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Màá kó wọn jọ.